Èrò géèmù kò wá mọ́: báwo ni ẹ ṣe ń ti inú ìtàn bọ́ sínú eré?

Ọmọ Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Modákẹ́kẹ́ ni a jọ dáwọ́ lé géèmù orí fóònù kan; òun ló ń ya àwòrán, èmi ni mo ń kọ kóòdù. Ìtàn Mọrèmí ni a fẹ́ fi ṣe é, nítorí pé àwa méjèèjì kò tíì rí géèmù kan tó sọ ìtàn náà lọ́nà tí ọmọ Ifẹ̀ yóò fi gbà pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìwádìí kì í ṣe ìṣòro wa. Ìwé wà láti kà, àwọn àgbà tó lè ṣàlàyé ọdún Edì tí a fi ń rántí Mọrèmí wà nítòsí, ọ̀rẹ́ mi sì ti ya aṣọ ìko àwọn ará Igbó débi pé ó ń ṣe èèyàn bíi kó fọwọ́ kàn án. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé nígbàkigbà tí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti pinnu ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù náà yóò máa ṣe gan-an, ohun kan náà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: kí Mọrèmí máa sáré, kí ó máa fò, kí ó máa ṣa owó ẹyọ, kí ó sì máa fi idà pa àwọn ará Igbó. Mo mọ̀ pé èyí kò bá ìtàn náà mu. N ó pa á tì, n ó mú ìtàn mìíràn, bóyá ti Ọ̀rànmíyàn tàbí ti Ọbàtálá, kò sì ní pẹ́ tí òun náà yóò fi di sísáré àti fífò. Ó ti wá di pé ṣíṣí kọ̀ǹpútà gan-an ń sú mi.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní kí n sinmi; mo sinmi, mo sì padà wá bá ìṣòro náà níbi tí mo fi í sí. Àwọn mìíràn ní kí n máa gbá géèmù àwọn ẹlòmíràn kí ojú mi lè là. Bí mo ṣe ń gbá wọn tó ni mo túbọ̀ ń fara wé wọn. Ọ̀rọ̀ owó kọ́, nítorí ọ̀fẹ́ ni Godot, ohun èlò ìṣe-géèmù tí a ń lò, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó ti gbó sì ń gbé e. Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni àwọn tó ń ṣe géèmù ṣe ń ti inú ìtàn bọ́ sí ohun tí ọwọ́ yóò máa ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn. Mo ti ṣe àmín tó.

Alágbàlá Ẹ̀rọ (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ Ìlódè, ẹ kú akitiyan. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, n kò rí ibi tí èrò ti tán nínú yín. Ẹ ní ìtàn lọ́pọ̀ yanturu; ohun tí ẹ kò tíì ní ni ìṣe, ìyẹn nǹkan kan tí ẹni tó di fóònù mú yóò máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá, tí kò sì ní sú u. Nítorí pé àyè ìṣe náà ṣófo, gbogbo géèmù tí ẹ ti gbá láti kékeré ló ń sáré wá jókòó síbẹ̀. Sísáré àti fífò kì í ṣe èrò yín rárá. Àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè ni wọ́n.

Ẹ wo ọ̀nà tí Toru Iwatani gbà ní ilẹ̀ Japan nígbà tí ó ṣe Pac-Man, tó jáde ní 1980. Ìbọn yíyìn ló pọ̀ nínú àwọn géèmù ìgbà náà, òun sì fẹ́ èyí tí àwọn obìnrin náà yóò fẹ́ wá gbá. Kò ti inú ìtàn bẹ̀rẹ̀. Jíjẹ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, gbogbo ohun tó kù, ẹnu tó ń ṣí tó sì ń pa dé, ọ̀nà tóóró tí oúnjẹ tò sí, àwọn iwin tó ń lé ẹni tó ń jẹun, orí jíjẹ náà ni wọ́n dúró sí. Lucas Pope, ẹni tó ṣe Papers, Please ní 2013, rí tirẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú: ó ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ṣe ń yẹ ìwé ìrìnnà àwọn èrò wò, ó sì rí i pé eré wà nínú iṣẹ́ tó jọ pé ó ń súni náà. Nínú géèmù yẹn, ìwé ni ẹ ó máa yẹ̀ wò, ẹ ó máa fi èyí wé tọ̀hún, ẹ ó sì máa lu òǹtẹ̀. (Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn déédéé, tó sì ń rí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò ní pẹ́ lóye rẹ̀.)

Ó wá ku kí a wo Mọrèmí. Kí ni obìnrin yìí ṣe? Àwọn ará Igbó ń fi ìko bora wọ̀lú, àwọn ará Ifẹ̀ rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, wọ́n ń sá fún wọn. Mọrèmí lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ọba wọn fi í ṣaya. Ó bá wọn gbé, ó ń wò, ó ń tẹ́tí, ó ń béèrè bí ẹni tí kò béèrè, títí ó fi mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, àti pé iná ni ẹ̀rù ìko wọn. Lẹ́yìn náà ni ó sá padà wálé, tí àwọn ará Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ pàdé wọn nígbà tí wọ́n tún dé. Ẹ tún un gbé yẹ̀ wò dáadáa: kò sí ibì kan tí obìnrin yìí ti yọ idà. Ohun tó ṣe ni pé ó fara pamọ́ lójú gbogbo wọn, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ìṣe tí ẹ ń wá nìyẹn: kí èèyàn máa béèrè láìjẹ́ kí wọ́n fura sí òun. Ẹni tó ń gbá a yóò máa yan ẹni tí yóò bi, ohun tí yóò bi í, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó pa ẹnu mọ́. Bí ó bá béèrè jù, àṣírí yóò tú. Bí ó bá dákẹ́ jù, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo ń rí i pé èèyàn á máa làágùn lórí irú géèmù bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sáré nínú rẹ̀. Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ gbólóhùn kan sórí ìwé: nínú géèmù yìí, ẹ ó máa ṣe lágbájá kí tàmẹ̀dù lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lákáṣègbè ni yóò máa dí yín lọ́wọ́. Bí gbólóhùn náà kò bá tíì pé, ẹ má kọ kóòdù, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín ya àwòrán kankan sí i, nítorí pé àwòrán tó bá ti rẹwà jù máa ń ṣòro fún olówó rẹ̀ láti sọ nù nígbà tí ó bá yẹ kí ó sọ ọ́ nù.

Òṣómàáló (Iléṣà)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fara mọ́ ohun tí Alágbàlá Ẹ̀rọ sọ nípa ìṣe, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìdí ìtàn ni ó yẹ kí ẹni tí èrò ti dí mọ́ lọ́wọ́ máa jókòó sí títí ìṣe yóò fi yọ jáde nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni àti ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni ló ń bí èrò.

Ní 1978, Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders, géèmù tí a ti ń yìnbọn sí àwọn ọ̀tá tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ẹ̀rọ tí ó lò kò lágbára tó láti máa gbé gbogbo àwọn ọ̀tá náà kíákíá nígbà tí wọ́n bá pé. Bí ẹni tó ń gbá a ṣe ń yìnbọn pa wọ́n, tí wọ́n sì ń dín kù, ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fúyẹ́, tí àwọn tó ṣẹ́kù sì ń yára sí i. Kò tún un ṣe. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyára àwọn tó kẹ́yìn yẹn ló sì ń mú kí àyà ẹni máa já. Alexey Pajitnov bẹ̀rẹ̀ Tetris ní Moscow, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní 1984 lórí kọ̀ǹpútà tí kò lè ya àwòrán rárá, tó fi jẹ́ pé àmì ìkọ̀wé ni ó tò pọ̀ láti fi ṣe àwọn ègé rẹ̀. Ó fẹ́ràn eré kan tí a fi ń to ègé sínú àpótí, èyí tí ègé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́rin kékeré márùn-ún tí a so pọ̀. Irú ègé bẹ́ẹ̀ jẹ́ 12, ó sì pọ̀ jù fún ohun tó ń ṣe, ni ó bá dín igun náà kù sí mẹ́rin-mẹ́rin, irú ègé sì di 7. Nígbà tí ó tún rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ń tètè kún, ó ní kí ìlà tó bá ti kún máa pa rẹ́. Pípa ìlà rẹ́ yìí ni gbogbo ayé sì ń bá a gbá títí di òní. Àní Mario tí gbogbo wa mọ̀, inú géèmù Donkey Kong ni ó ti kọ́kọ́ jáde ní 1981, nígbà tí Nintendo, iléeṣẹ́ tó ṣe é, kò rí àṣẹ gbà láti lo Popeye, akọni inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan. Àyè tí wọ́n ní láti yà á kéré débi pé irun orí kò ṣeé yà dáadáa, ni wọ́n bá dé e ní fìlà, ẹnu kò ṣeé yà, ni wọ́n bá fún un ní irunmú.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe, nítorí náà inú fóònù ni èmi ti máa ń wo nǹkan. Ẹ̀rọ tíńtín kan wà nínú wọn tó ń mọ̀ bí a bá dẹ fóònù sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Òun ló ń jẹ́ kí àwòrán yípo nígbà tí a bá dì í mú ní ìbú. Ẹ wá gbé ìtàn tiwa ní Iléṣà lé e lórí. Odùduwà fọ́jú, wọ́n ní omi òkun ni yóò là á, àwọn ọmọ yòókù kò lè lọ, Obòkun lọ, ó sì bu omi náà bọ̀. Kí ni ẹni tó ń gbé omi rìn ń ṣe? Ó ń ṣọ́ra kí ó má baà dà á nù. Nítorí náà, kí ojú fóònù di ẹnu ìkòkò, kí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń gbá a máa ti etí òkun bọ̀ wá sí Ifẹ̀. Bí ó bá dẹ fóònù ju bó ṣe yẹ lọ, omi yóò máa dà. Bàbá rẹ̀ ń retí rẹ̀, nítorí náà ó ń kánjú. Bí ó bá sì kánjú, omi yóò dà. Kò sí bọ́tìnnì kankan nínú gbogbo rẹ̀. N kò tíì ṣe é o, ẹni tó bá wù kó mú un. (Ìtàn sọ pé nígbà tí ó fi máa dé, wọ́n ti pín ogún tán, idà ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n géèmù mìíràn nìyẹn.)

Ohun tí mo ń bá bọ̀ ni pé kí ẹ dín àyè tí ẹ ń wá èrò nínú rẹ̀ kù. “Géèmù nípa Mọrèmí” fẹ̀ jù, kò sí ẹni tí kò ní sọnù nínú rẹ̀. Ẹ sọ pé ìka kan ṣoṣo ni ẹni tó ń gbá a yóò lò, ojú ibì kan ṣoṣo ni yóò máa wò, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Irú òfin yìí ni a fi mọ Global Game Jam, àpéjọ àwọn tó ń ṣe géèmù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009: wọn yóò kéde kókó kan fún àwọn olùkópa káàkiri ayé, wákàtí 48 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń gbé géèmù jáde lórí rẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù wọ̀nyẹn kì í dára, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kó rí. Ẹni tó mọ̀ pé ìparí ọ̀sẹ̀ yìí ni iṣẹ́ òun yóò parí kò ní jókòó máa dúró de èrò tí kò ní àbùkù.

Ní ti àfarawé, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ tó bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ yẹn. Ẹ mú géèmù tí ọkàn yín ń fà sí, kí ẹ yọ ohun tó gbé e ró kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá yọ fífò kúrò nínú géèmù tí a ti ń fò, tí kòtò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí èèyàn yóò fi kọjá kòtò, ọ̀nà náà yóò sì jẹ́ tiyín.

Ayàwòrán Modákẹ́kẹ́

Èmi ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní kó má ya àwòrán mọ́. Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí n sọ pé àwòrán náà máa ń ronú. Nígbà tí mo ń ya Mọrèmí láàárín àwọn ará Igbó, mo ṣàkíyèsí pé ojú àwọn tó yí i ká ni mo ń pẹ́ lórí rẹ̀, ta ló ń wò ó, ta ni kò wò ó, ta ló ń díbọ́n pé òun kò wò ó. N kò mọ̀ nígbà náà pé géèmù ni mò ń yà. Mo gbà pé kí n fi bírò ya èyí tí kò ní dùn mí láti fà ya, n kò gbà pé kí n ká ọwọ́ lẹ́rán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni tèmi. Àwọn tó ní kí ẹ sinmi kò ṣì sọ, bí ẹ ṣe sinmi ni n kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé fídíò kéékèèké ni ẹ ń wò lórí fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́, orí yín kò sinmi nìyẹn. Bí kóòdù bá dí mi lọ́wọ́, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu géètì yunifásítì wọ inú ọgbà. Ọ̀nà náà gùn, igi sì pọ̀ níbẹ̀. Shigeru Miyamoto, ẹni tó ṣe Mario, náà ti sọ pé igbó àti ihò àpáta tí òun máa ń rìn kiri nígbà èwe òun ní agbègbè Sonobe wà lára ohun tó bí The Legend of Zelda tó jáde ní 1986. Ṣùgbọ́n kí ẹ mú ìbéèrè kan pàtó dání kí ẹ tó máa lọ, irú bíi “ta ni ó léwu jù láti bi ní ọ̀rọ̀?” Ẹni tó bá jáde láìsí ìbéèrè, àgbàdo sísun ni yóò rà bọ̀.

Bàbá Ọlọ́pọ́n (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ mi, mo kí ọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. N kò gbá géèmù orí fóònù rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń ta ayò, mo sì rò pé ìbéèrè rẹ kan èmi náà.

Ilé 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò 48 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí àwòrán, síbẹ̀ àgbàlagbà a máa tìtorí rẹ̀ gbàgbé oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o wò nínú rẹ̀, ìyẹn odù. Ẹni tó ń ta lè fi ilé kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ọmọ máa pọ̀ níbẹ̀ títí yóò fi pọ̀ débi pé bí ó bá gbé e, yóò yí ọpọ́n po, yóò sì jẹ ọ̀pọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó ṣe ń kó o jọ ni ilé tó kù fún un láti ta ń dín kù, ẹnì kejì ń rí i, àwọn òǹwòran náà ń rí i, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ sí i. Bí ó bá tètè gbé e, èrè rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹnì kejì yóò ti palẹ̀ ọmọ tirẹ̀ mọ́ kúrò lọ́nà, tàbí kí ó ká a mọ́ débi pé yóò gbé odù náà nígbà tí kò wù ú. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀pẹ. Òfin ayò kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó ṣe sùúrù tàbí kí ó ṣe ojúkòkòrò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn án, gbogbo ẹni tó wà nídìí ọpọ́n yóò sì mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Ohun tó kù nínú géèmù Mọrèmí tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọ lókè ni ohun tí yóò dán ẹni tó ń ta á wò. Bí gbogbo ìbéèrè bá rí bákan náà, kò sí ìdánwò níbẹ̀. Jẹ́ kí àṣírí tó tóbi jù wà lọ́wọ́ ẹni tó léwu jù láti bi. Ọba wọn mọ gbogbo rẹ̀. Ẹrú inú ilé mọ ìdajì. Ọmọdé mọ díẹ̀, kì í sì fura, ṣùgbọ́n ọmọdé a máa lọ sọ ohun tí wọ́n bi í fún ìyá rẹ̀. Má ṣe kọ ọ́ sójú fóònù pé ewu ń bẹ níbí. Wá páálí, wá ọmọ ayò, kí o pe ẹni méjì kí wọ́n ta á níwájú rẹ, kí ìwọ sì dákẹ́. Bí o bá ti ń ṣàlàyé fún wọn, iṣẹ́ tó yẹ kí òfin rẹ ṣe ni o ń bá a ṣe yẹn.

Ọmọ Ìlódè

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá; ẹ̀yin yòókù náà, mo dúpẹ́. Mo ṣe bí ẹ ti wí. Páálí bísíkíìtì ni mo gé, mo ya ilé mẹ́fà sí i: ààfin, ìdí odò, ọjà, ilé ìdáná, oko, àti ahéré tí wọ́n ń kó ìko sí. Ọmọ ayò kan ló dúró fún Mọrèmí. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó lè ṣí lọ sí ilé mìíràn tàbí kí ó bi ẹni tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Bí ó bá béèrè, yóò gba bébà kékeré kan tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọmọ ayò kan yóò bọ́ sínú àwo tí mo pè ní àwo ìfura. Bí ó bá jẹ́ ọba ni ó bi, mẹ́ta ni yóò bọ́ síbẹ̀. Bí àwo náà bá pé mẹ́jọ, àṣírí tú. Bí kò bá béèrè, tí ó kàn ń bá wọn pọnmi tàbí tí ó ń bá wọn gúnyán, ọmọ kan yóò jáde nínú àwo.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo pè pé kí wọ́n wá ta á. Kò pẹ́ tí èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn fi rí ihò inú òfin mi. Ó béèrè, ó pọnmi, ó béèrè, ó pọnmi, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi, àyà rẹ̀ kò já lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò rẹ̀ ní eré náà ti sú òun. N kò ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn. Mo wá fi òfin kan kún un: ilé Ifẹ̀ wà ní igun páálí pẹ̀lú ọmọ ayò 15 nínú rẹ̀, nígbàkigbà tí ọwọ́ bá sì ti kan Mọrèmí lẹ́ẹ̀marùn-ún, àwọn ará Igbó yóò jáde lọ kó ìlú, a ó sì yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń pọnmi wá ń rí i bí ìlú òun ṣe ń ṣófo. Láti ìgbà náà, ariwo ni wọ́n ń pa. Èyí àbúrò, ẹni tó ní ó ti sú òun, dìde lọ bi ọba nígbà tí mẹ́rin ti wà nínú àwo, ó di méje, gbogbo wa sì dìde dúró.

Ní ti àyè dídín kù tí Òṣómàáló wí, ìka kan ṣoṣo ni a fẹnu kò sí, kò sì sí ìjà nínú rẹ̀ rárá. Ojú tí ọ̀rẹ́ mi ń yà ni yóò rọ́pò àwo ìfura, kí ẹni tó ń gbá a máa ka ìfura lójú àwọn ènìyàn, láìsí iye tí a kọ sókè.

Ohun tó kù ni Olúorogbo, ọmọ Mọrèmí tí odò gbà nítorí ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ìtàn náà kò pé láìsí ọmọ yìí, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sí ìparí bíi fídíò tí èèyàn kàn ń wò, a ti kúrò nínú eré, a ti padà sínú ìtàn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí a yọ ọ́. Èmi kò gbà.

Alágbàlá Ẹ̀rọ

Ẹ má yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọmọ Ifẹ̀ kan kò ní gbà pé Mọrèmí ni ẹ ṣe, òótọ́ sì ni wọn yóò sọ.

Ẹ fi ọmọ náà sínú ìṣe kí ẹ tó mú un lọ. Kí apá àkọ́kọ́ wáyé ní Ifẹ̀, kí Mọrèmí tó jẹ́ kí wọ́n mú òun. Bí ẹni tó ń gbá a bá tẹ ibì kan ní igun ojú fóònù, kí Olúorogbo sáré wá jíṣẹ́ fún un: kí ó lọ wo ẹnubodè, kí ó kó igi ògùṣọ̀ jọ, kí ó bá a dé ibi tí òun kò lè dé. Kí ó wúlò gan-an, kí ó má jẹ́ ọmọ tó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, ní etí Ẹ̀sìnmìrìn, kí ẹni tó ń gbá a fúnra rẹ̀ pinnu bí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ yóò ti tóbi tó. Bí ẹ̀jẹ́ bá ṣe tóbi tó ni kí àyè tí ó ní lójú àwọn ará Igbó ṣe pọ̀ sí i kí wọ́n tó fura. Odò kò ní sọ ohun tí yóò gbà. Ìdánwò tí Bàbá ń sọ nìyẹn, ẹ sì ti fi í sí ibi tí ìtàn fúnra rẹ̀ fi í sí.

Nígbà tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, tí odò sì ti gba ọmọ, kí iṣẹ́ díẹ̀ ṣì kù láti ṣe nínú ìlú, bíi títún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe. Ẹ má yọ igun tí a fi ń pe Olúorogbo kúrò lójú fóònù. Ìtàn sọ pé gbogbo ará Ifẹ̀ ló gbà láti jẹ́ ọmọ fún Mọrèmí, nítorí náà, bí ẹni tó ń gbá a bá tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ni kí ó wá. Ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà tó ń bójú tó ọdún Edì bóyá ó tọ́ kí ẹ̀jẹ́ náà ní ìwọ̀n tí èèyàn lè yàn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fi nǹkan kún ìtàn.

Ẹ má tíì kọ kóòdù apá yìí. Ẹ kọ́kọ́ dán ti páálí wò lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ìtàn Mọrèmí rí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá òfin nìkan lè gbé e. Ó ṣòro láti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn pọ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Bóyá Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà lè bá yín wá méjì tàbí mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà

Mo ní alábàágbé kan tó wá láti Benue. Ẹ gbé páálí náà wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má sì sọ ìtàn kankan fún un kí ó tó ta á.